Ẹran Tí Ìkúnayọ̀ Jẹ Nílé Àna Rẹ̀

Ìkúnayọ̀ kì í ṣe ẹni tí nǹkan tètè ń kó nírìíra. Ẹni tó bá ti ń fi ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì fa igi gẹdú lójú omi Warri láti ìgbà èwe, kò sí òórùn tí imú rẹ̀ kò tíì gbọ́: òkú ẹja tó wú bí àgbá, epo dúdú tó lẹ̀ mọ́ gbòǹgbò igi etídò, àti gbogbo ohun tí ìlú ńlá ń dà sínú odò tí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí. Yóò kàn gbójú sápá kan ni, yóò sì máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ohun tó bá pàdé nílé Akínsànmí, ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀, lọ́jọ́ Ìsinmi kan nínú òjò ọdún tó kọjá, ó rí i lára débi pé títí di òní olónìí, bí wọ́n bá dárúkọ ọkùnrin náà létí rẹ̀, itọ́ ni yóò kún un lẹ́nu.

Ọmọ Ìlàjẹ ni àwọn méjèèjì. Àwọn baba wọn ló kó àwọ̀n àti ọmọ wá láti etí òkun Oǹdó, tí wọ́n tẹ̀dó sí etí odò lẹ́yìn àdúgbò Ijala ní Warri, níbi tí ilé dúró lórí òpó igi, tí omi ń gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Ìkúnayọ̀ fẹ́ Tinúkẹ́, àbúrò Akínsànmí. Wọ́n bí Olúwaṣèyífúnmi, ọmọbìnrin tó gbọ́ Yorùbá yékéyéké ṣùgbọ́n tí kì í fi dá èèyàn lóhùn. Pidgin ni tirẹ̀. Lẹ́yìn ìgbà pípẹ́, Ọlọ́run tún fi ọmọkùnrin kan ta wọ́n lọ́rẹ, ọmọ náà sì ṣì wà lẹ́nu ọmú nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀.

Akínsànmí ló ń gé igi nínú igbó àbàtà tó wà lókè odò. Ìkúnayọ̀ ló ń so àwọn igi náà pọ̀ lórí omi, tí ń fi ọkọ̀ rẹ̀ fà wọ́n lọ bá àwọn tó ń la pákó. Àna ń gé, àna ń fà, kò sí ẹni tó ń fi ẹjọ́ ẹnì kejì sùn. Akínsànmí kọ́ ilé sí ẹ̀yìn Warri–Sapele Road, ó kúrò lórí omi, ó sì di ẹni tí wọ́n ń fi síjòókòó iwájú nínú ìjọ aláṣọ funfun tí gbogbo wọn ń lọ. Ìkúnayọ̀ bọ̀wọ̀ fún un. Bí wọ́n bá pàdé, a dọ̀bálẹ̀ kí i, torí ẹ̀gbọ́n ìyàwó ẹni, baba ẹni ni.

Ìgbà tí Muhsinah dé ni nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà.

Ọmọ àwọn ará Ọ̀yọ́ tó ń tajà nínú ọjà Warri ni Muhsinah. Baba rẹ̀, Mùkáílà, ń ta ike àti abọ́. Warri ni wọ́n bí i sí, torí náà Pidgin wà nínú Yorùbá rẹ̀ bí òkúta inú ìrẹsì. Ó kàwé, ó sì ń bá ẹgbẹ́ kékeré kan tó ń dáàbò bo ẹranko igbó ṣiṣẹ́. Ọkọ̀ Ìkúnayọ̀ ló háyà láti máa gbé e wọ igbó, níbi tó ti ń so àwọn kámẹ́rà kéékèèké mọ́ ara igi. Lákọ̀ọ́kọ́, Ìkúnayọ̀ rò pé orí ọmọ náà kò pé. Ta ní í ya fọ́tò igbó tí kò séèyàn nínú rẹ̀?

Lọ́jọ́ kan, bí wọ́n ṣe ń padà bọ̀, Muhsinah na fóònù rẹ̀ sí i.

"Bọ̀ọ̀dá Ayọ̀, ẹ wo nǹkan."

Ẹranko kan ló wà nínú fọ́tò náà. Ó pupa bí erùpẹ̀ ọ̀nà oko, ó tó ológbò ilé méjì, àmì dúdú dúdú wà lábẹ́ ikùn rẹ̀, ikùn ọ̀hún sì wú.

"Ológbò igbó nìyẹn," Muhsinah wí. "Ó lóyún. Wọn ò pọ̀ mọ́ níbikíbi, Bọ̀ọ̀dá. Níbí yìí, a ò tiẹ̀ mọ̀ pé ó ṣẹ́ kù."

"Mo ti ń wọ igbó yìí kí wọ́n tó bí ẹ. N ò rí i rí."

"Òun ti ń rí yín tipẹ́."

Ìkúnayọ̀ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn tẹ̀lé e délé. Nígbà tó tún gbé ọmọbìnrin náà lọ, òun fúnra rẹ̀ ló ń béèrè ìbéèrè. Muhsinah sọ fún un pé inú ihò igi ńlá ni ológbò igbó máa ń bímọ sí. Bí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gégi bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í han, ìyá á sá, tàbí kó máa fẹnu kó ọmọ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan láti ibì kan dé ibòmíràn, títí yóò fi pàdánù gbogbo wọn. Ìyá méjì ni kámẹ́rà ti rí, ọ̀kan ní apá ibí odò, èkejì ní òdìkejì. Gbogbo ohun tí ẹgbẹ́ wọn ń bẹ̀bẹ̀ fún kò ju pé kí wọ́n fi igbó náà sílẹ̀ fún ìgbà òjò kan ṣoṣo, títí àwọn ọmọ yóò fi lè máa tẹ̀lé ìyá wọn rìn.

Wọ́n pe ìpàdé sí gbọ̀ngàn ìlú. Àwọn àgbà ilẹ̀ wá, àwọn agégi wá, àwọn onílé etí odò wá. Muhsinah sọ̀rọ̀ tirẹ̀, ó fi fọ́tò hàn wọ́n. Àwọn kan ń kùn. Akínsànmí bá dìde nínú agbádá tó gbó pẹ́ẹ́pẹ̀ẹ̀pẹ́, èyí tó máa ń wọ̀ nígbà tó bá fẹ́ kí wọ́n rántí pé ọmọ apẹja lòun. Ó ní kí wọ́n gbé Bíbélì wá. Ó gbé e lé àtẹ́lẹwọ́, ó sì gbé ohùn sókè.

"Abiyamọ ni wọ́n," ó wí. "Èmi Akínsànmí, ta ni mo jẹ́ tí màá gé igi lé abiyamọ lórí? Ẹ̀rọ mi kò ní dún nínú igbó yẹn títí òjò yóò fi kásẹ̀ nílẹ̀. Bó bá dún, kí Ọlọ́run tó ni ìwé yìí bi mí."

Gbogbo gbọ̀ngàn pàtẹ́wọ́. Babátúnjí, bàbá arúgbó tó jẹ́ olórí àwọn ọlọ́kọ̀ tó ń fa igi, mi orí títí fìlà rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ já bọ́. Orí Ìkúnayọ̀ wú. Lójú rẹ̀, kò sí ọkùnrin tó tún tó àna òun ní gbogbo Warri.

Òjò dé, odò kún. Ìkúnayọ̀ ń fi ọkọ̀ rẹ̀ kó ẹrù àwọn ọlọ́jà, kò sì kábàámọ̀ rẹ̀. Ní ọjọ́ Ìsinmi kan, bí wọ́n ṣe jáde nínú ìsìn, Akínsànmí di apá rẹ̀ mú.

"Àna mi, ẹ̀yin àti ìyàwó yín, ẹ yà sílé. Ọbẹ̀ ata kan ń bẹ níbẹ̀ tí ń pe orúkọ yín."

Wọ́n lọ nínú aṣọ funfun wọn. Èèyàn mẹ́ta mìíràn ti wà lórí àga ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ọ̀rẹ́ Akínsànmí ni wọ́n. Ọ̀kan nínú wọn ni oníṣòwò pákó kan tó sanra, tó ń fi aṣọ ìnujú nu ọrùn ní gbogbo ìgbà. Wọ́n bu ọbẹ̀ náà fún wọn, ó ń rú èéfín, ata àti èèrù ń ta sánsán. Ebi ti ń pa Ìkúnayọ̀ láti àárọ̀. Ó jẹ ẹ́, ó mu omi rẹ̀, ó tún gba kún un. Tinúkẹ́ náà jẹ, ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀ tó ń sùn. Ẹran náà le díẹ̀, ó sì ní adùn kan tí Ìkúnayọ̀ kò mọ̀ rí.

"Ẹ̀gbọ́n, ọbẹ̀ yìí dùn o. Ẹran kí ni?"

Akínsànmí wo ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó sanra, ẹ̀rín gbọ̀n wọ́n. "Jẹun, àna mi. Ẹran tó ń jẹ ẹran ni."

Ìkúnayọ̀ náà rẹ́rìn-ín, torí ó rò pé ajá ni wọ́n ń sọ. Ó lá egungun tó kẹ́yìn, ó sì dìde láti lọ fọwọ́ ní ẹ̀yìnkùlé.

Ariwo eṣinṣin ni etí rẹ̀ kọ́kọ́ gbọ́. Ohùn wọn dún bí ẹ́ńjìnnì tó wà lọ́nà jíjìn. Lára ilẹ̀kùn ilé ìdáná àtijọ́, wọ́n ti fi ìṣó kan awọ ẹranko kan mọ́ pákó, inú rẹ̀ síta, wọ́n da iyọ̀ àti eérú sí i. Etí awọ náà ṣẹ́ kọ́dọ́rọ́, irun pupa yọ níbẹ̀. Ìkúnayọ̀ sún mọ́ ọn, bí ẹni pé ẹlòmíràn ló ń ti ẹsẹ̀ rẹ̀. Níbi tí etí ikùn ti ṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ó rí orí ọmú. Wọ́n wú, wọ́n rọ̀, èyí tó wà nísàlẹ̀ pátápátá sì ti sun omi funfun kan jáde tó dì mọ́ ara iyọ̀. Wàrà ni. Àwọn eṣinṣin pé lé e lórí, wọ́n ń ti ara wọn.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn náà ni ike ọ̀dà kan wà tí wọ́n fi pákó dé. Nǹkan ń họ inú rẹ̀. Ìkúnayọ̀ ṣí i. Ọmọ ológbò mẹ́ta ló wà níbẹ̀ nínú ìgbẹ́ àti ìtọ̀ ara wọn. Ọ̀kan ti kú, ó ti ń wú. Àwọn méjì yòókù fẹnu mọ́ ikùn òkú náà, wọ́n ń fa irun rẹ̀ mu, wọ́n ń wá ọmú.

Ohun tó wà nínú Ìkúnayọ̀ kò dúró kó sọ fún un pé òun ń bọ̀. Ó bì sára ògiri, ó bì sára aṣọ funfun rẹ̀, ó sáré padà sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ láti pe Tinúkẹ́, ó sì tún bì sórí ilẹ̀ dídán tí Akínsànmí fi ń yangàn. Ata rẹ̀ jó o nímú. Ó rí ègé ẹran náà nínú ohun tó bì, kò tíì yí padà, ó sì bẹ̀rẹ̀ lọ́tun.

"Kí ló dé?" Tinúkẹ́ figbe ta.

"Ológbò igbó ni," Ìkúnayọ̀ wí nígbà tó lè sọ̀rọ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti búra. Ẹ gbé Bíbélì lọ́wọ́, ẹ búra."

Akínsànmí kò bínú. Bóyá bó bá bínú ni, ìríra náà ì bá mọ níwọ̀n. Ẹ̀rín ló ń rín, ó ń fi igi tóńtóró tayín.

"Mo búra pé ẹ̀rọ mi kò ní dún. Ẹ̀rọ mi dún bí? Ẹ̀rọ ẹlòmíràn ni mo yá. Lọ bi wọ́n. Igi ńlá kan ló wó, ìyá wọn sá jáde nínú ihò, àwọn ọmọ iṣẹ́ sì fi igi pa á. Ṣé kí wọ́n máa kí i káàbọ̀ ni?"

Oníṣòwò tó sanra náà ń gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò nínú èébì. "Na pusi," ó wí. "Na ordinary pusi, no be pikin."

"Àwọn ọmọ rẹ̀ ńkọ́?"

"Ọ̀gá kan ní Ajamimogha fẹ́ kí àwọn ọmọ rẹ̀ máa fi ṣeré. Ó ń rán èèyàn bọ̀ wá gbé wọn. Àna mi, jókòó, jẹ́ kí wọ́n bu omi fún ẹ. Ojú ń ti àbúrò mi."

Lóòótọ́, ojú ń ti Tinúkẹ́. Ó ń fi ìborí rẹ̀ nu ilẹ̀, ó ń bẹ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó ń bẹ àwọn àlejò. Ìkúnayọ̀ kò wò ó. Ó padà sẹ́yìnkùlé, ó gbé ike ọ̀dà náà, ó sì gba ẹ̀gbẹ́ ilé jáde. Ó gbọ́ tí Akínsànmí ń pariwo pé kó gbé e sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó fẹ́ fọwọ́ kan ọkùnrin tí èébì kún ara rẹ̀. Báyìí ló ṣe rìn lọ lórí Warri–Sapele Road lọ́sàn-án gangan, láìwọ bàtà, aṣọ ìsìn rẹ̀ ti pọ́n, àwọn oníkẹ̀kẹ́ ń yà fún un, wọ́n ń kígbe pé, "Baba Aladura, wetin dey inside?"

Ilé àwọn Muhsinah ló gbé e lọ. Muhsinah ṣí ike náà. Ó kó àwọn méjì tó yè jáde, ó fi aṣọ rírọ̀ wé wọn, ó ń kán omi wàrà sí wọn lẹ́nu. Ó béèrè bí awọ ìyá wọn ṣe rí. Ìkúnayọ̀ sọ fún un. Nígbà tó dé orí wàrà tó dì mọ́ iyọ̀, Muhsinah ní kó dákẹ́.

Kékeré inú àwọn méjèèjì kú kí ilẹ̀ tó mọ́. Muhsinah àti Ìkúnayọ̀ lọ sí ọ́fíìsì ìjọba kan tó ń rí sí ọ̀rọ̀ igbó ní Ajamimogha láti lọ fẹjọ́ sùn. Ọkùnrin tó gbà wọ́n lálejò tẹ́tí sí wọn, ó ń wo fóònù rẹ̀, ó ń mu tíì. Nígbà tí wọ́n parí, ó rẹ ohùn sílẹ̀, ó béèrè bóyá èyí tó kù ṣì wà láàyè, torí pé àwọn ọmọ òun ti ń retí rẹ̀. Ìkúnayọ̀ wo ẹnu ọkùnrin náà níbi tó ti ń fẹ́ tíì, ó rò pé òun tún máa bì. Muhsinah fà á lọ́wọ́ jáde.

Lórí àtẹ̀gùn ibẹ̀ ni Muhsinah ti fi fọ́tò tuntun hàn án. Ìyá kejì ni, èyí tó wà ní òdìkejì odò. Ó gbé ọmọ rẹ̀ sẹ́nu, ó ń wo kámẹ́rà bí ẹni tí wọ́n ká mọ́.

"Apá ibẹ̀ ni wọ́n máa kọjú sí báyìí," Muhsinah wí. "Wọ́n ti fi ọ̀dà sàmì sára igi. N ò mọ ẹni tí mo tún lè lọ bá, Bọ̀ọ̀dá."

Ìkúnayọ̀ ronú títí ó fi dé etí odò. Igbó àbàtà ni igbó yẹn. Kò sí ọ̀nà ọkọ̀ ilẹ̀ níbẹ̀. Igi tó bá wó nínú rẹ̀ kò lè fẹsẹ̀ rìn jáde. Àwọn ọlọ́kọ̀ ló ń fà á. Bí wọn kò bá fà á, ibẹ̀ ni yóò jẹrà sí, kò sì sí aṣiwèrè tí yóò máa gé igi tí kò lè tà.

Ó pe àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jọ síwájú ilé Babátúnjí. Ó ro gbogbo rẹ̀ fún wọn, kò fi èébì tirẹ̀ pamọ́. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan ní òun ti jẹ ohun tó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, inú kò sì run òun. Babátúnjí ni kò rẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀yin ẹ̀ ń sọ̀rọ̀ ológbò," bàbá náà wí. "Èmi wà ní gbọ̀ngàn lọ́jọ́ yẹn. Mo pàtẹ́wọ́ fún un. Ẹni tó gbé Bíbélì lọ́wọ́ tó fi wá ṣẹ̀sín, tí a bá lọ fa igi rẹ̀, àwa náà ti bá a búra èké nìyẹn. Ọkọ̀ tèmi kò ní fa igi igbó yẹn nínú òjò yìí. Ẹni tó bá fẹ́ fà á, kó má kí mi mọ́."

Ní etí odò yẹn, kí Babátúnjí má dáhùn ìkíni èèyàn le ju kí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ rẹ̀ bàjẹ́ lọ. Wọ́n gbà, tinú tinú àti tipá tipá.

Akínsànmí gé àwọn igi kan ní òdìkejì, ó tì wọ́n sínú omi, wọn kò sì kúrò níbẹ̀. Kò pẹ́ tó fi yọ sílé Ìkúnayọ̀, ó rìn lórí pákó tó tẹ́ dé ilé náà bí ẹni ń rìn lórí ẹyin, torí ó ti pẹ́ tó ti rìn lórí omi kẹ́yìn. Tinúkẹ́ kò tíì bá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ dáadáa láti ọjọ́ Ìsinmi. Ó gbé àga fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Nítorí ológbò," Akínsànmí wí. "Mo fún ọ ní àbúrò mi, mo fún ọ níṣẹ́. Nítorí ológbò lo ṣe fẹ́ sọ mí di ẹni ẹ̀sín."

"Ẹ̀gbọ́n, kì í ṣe nítorí ológbò nìkan," Ìkúnayọ̀ wí. "N ò lè wo ojú yín ni. Bí mo bá ti wo ojú yín, wàrà yẹn ni mò ń rí."

"Wàrà wo?" Tinúkẹ́ béèrè.

Kò sí ẹni tó ti sọ fún un. Ó ti gbọ́ pé ológbò ni, ó sì ti gbà pé ẹran ni ẹran ń jẹ́. Ìkúnayọ̀ sọ ohun tó rí lára awọ náà fún un ní pẹ̀lẹ́, ó sọ bí àwọn ọmọ ṣe ń fa irun òkú mu. Tinúkẹ́ wo ọmọ tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó gbé ọwọ́ lé àyà ara rẹ̀, ó sì gbé e kúrò níbẹ̀ kíá, bí ẹni pé ó gbóná.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ mọ̀," ó wí. "Nígbà tí ẹ gbé àwo yẹn lé mi lọ́wọ́, ẹ mọ̀ pé ọmọ ń mu ọmú mi, ẹ sì mọ ohun tí ẹ fún mi jẹ."

"Tinúkẹ́, ẹran ni."

"Ọmọ mi ti mu ún lára mi." Ó dìde, ó lọ sí igun ilé níbi tí wọ́n ti ń da omi ìdọ̀tí sódò, wọ́n sì gbọ́ tó ń bì. Olúwaṣèyífúnmi jáde láti inú yàrá, ó wo ìyá rẹ̀, ó yíjú sí ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀. "Uncle, abeg, dey go," ó wí.

Akínsànmí lọ. Ohun tó sọ bó ṣe ń lọ, Ìkúnayọ̀ kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún un sọ.

Lẹ́yìn náà ni Akínsànmí rí ọlọ́kọ̀ kan láti ibòmíràn, ọkùnrin kan tó gbọ́ Yorùbá ṣùgbọ́n tí kò mọ̀ wọ́n rí, ó háyà rẹ̀ láti wá fa igi náà. Bí ìròyìn ṣe dé, Babátúnjí àti Ìkúnayọ̀ àti àwọn yòókù kó ọkọ̀ wọn lọ sí ẹnu odò kékeré tó ń ti inú igbó náà jáde, níbi tó ti há, wọ́n fi okùn so wọ́n mọ́ra wọn láti etí kan dé èkejì. Òjò ń rọ̀ fìrì. Ọ̀sán ni, ṣùgbọ́n ojú ọ̀run ṣú bí ìgbà tí alẹ́ ń lẹ́. Akínsànmí dúró lórí igi rẹ̀ láìwọ bàtà, ó di fóònù mọ́tí, ó ń dárúkọ àwọn ọlọ́lá tó mọ̀, ó ń bú àwọn ọlọ́kọ̀ lẹ́yọ lẹ́yọ. Àwọn gìrìpá tó kó wá di igi àti àdá mú. Ọlọ́kọ̀ àjèjì náà ń ru ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sókè, ó ń rọra tẹ̀ síwájú, àwọn ọkọ̀ tó wà lójú ọ̀nà sì bẹ̀rẹ̀ sí í ké kíì kíì. Ìkúnayọ̀ rò pé okùn máa já.

Ìgbà náà ni Tinúkẹ́ wa ọkọ̀ ọlọ́pọ́n tó fi ń ta ẹja dé. Kò sí ẹni tó pè é. Ó fi agboòrùn bo ara rẹ̀ àti ọmọ, ó wa ọkọ̀ náà wọ àárín, láàárín àwọn ọkọ̀ tí wọ́n so àti ọ̀kan tó ń bọ̀, ó sì kó àjẹ̀ sílẹ̀. Ariwo ẹ́ńjìnnì jí ọmọ náà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Tinúkẹ́ wò yíká bí ẹni tó ń wá ibi tó dákẹ́, kò rí. Ó tú aṣọ, ó sì fún ọmọ lọ́mú níbẹ̀.

"Madam, comot for road!" ọlọ́kọ̀ àjèjì náà kígbe.

"I no dey comot. Jam me."

"Gùn ún lórí!" Akínsànmí pariwo láti ẹ̀yìn. "Àbúrò mi ni, ó kàn ń halẹ̀ ni, gùn ún lórí!"

Ọlọ́kọ̀ náà yíjú wo Akínsànmí. Ó wò ó fún ìgbà díẹ̀, bí ẹni tó bá nǹkan nínú oúnjẹ. Ó pa ẹ́ńjìnnì. "Your own sister," ó wí. "With pikin for breast." Ó tú okùn igi náà kúrò lẹ́yìn ọkọ̀ rẹ̀, ó sọ ọ́ sínú omi, ó fi ọ̀pá ti ọkọ̀ rẹ̀ yí padà, ó sì lọ láìbéèrè ohunkóhun lọ́wọ́ ẹni tó háyà rẹ̀. Àwọn gìrìpá náà dúró díẹ̀, wọ́n wo òjò, wọ́n wo ara wọn, wọ́n sì bá tiwọn lọ.

Àwọn igi náà wà nínú omi títí kòkòrò fi dá wọn lu bí asẹ́. Kò sí ẹ̀rọ tó tún dún ní òdìkejì nínú òjò yẹn. Nígbà tí omi fà, kámẹ́rà Muhsinah rí ìyá kejì tó ń lọ, àwọn ọmọ méjì ń tẹ̀lé e, wọ́n ti ga. Ti apá ibí ńkọ́? Ọ̀kan ṣoṣo tó yè nínú ike ọ̀dà náà ń gbé nínú àgọ́ onírin ní ilé ìtọ́jú ẹranko kan tó jìnnà. Ó ń jẹun, ara rẹ̀ ń dán, ṣùgbọ́n kò ní padà sígbó láéláé, torí kò sí ìyá tó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ṣọdẹ. Muhsinah a máa fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́. Ìkúnayọ̀ a máa dúpẹ́, kì í sì í wò ó pẹ́.

Nígbà tí ọdún yí, àwọn kan kó àlejò wá láti àwọn ìlú òkè láti wá wo igbó náà, wọ́n háyà ọkọ̀ Ìkúnayọ̀. Ó ti tan ẹ́ńjìnnì kó tó rí ẹni tó ń ṣamọ̀nà wọn. Akínsànmí ni. Wọ́n ti sọ ọ́ di alága ìgbìmọ̀ kan tó ń rí sí ọ̀rọ̀ igbó, ó wọ aṣọ tó ní àwòrán ológbò igbó láyà. Ó jókòó síwájú ọkọ̀, ó ń fi ọwọ́ júwe fún àwọn àlejò, ó ń sọ fún wọn bí òun ṣe gbé Bíbélì lọ́wọ́ ní gbọ̀ngàn nítorí abiyamọ. Obìnrin kan nínú wọn nu omi ojú.

Ìkúnayọ̀ pa ẹ́ńjìnnì láàárín odò.

"Ẹ bi í léèrè bí ẹran rẹ̀ ṣe dùn tó," ó wí.

Akínsànmí ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, ó na ọwọ́ gbá èjìká Ìkúnayọ̀. "Àna mi nìyí. Àwàdà rẹ̀ pọ̀." Àwọn àlejò náà bá a rẹ́rìn-ín, ara wọn sì balẹ̀. Ìkúnayọ̀ wo ọwọ́ tó wà léjìká rẹ̀, ó mú un lọ́mọ-ìka kan, ó gbé e kúrò. Ó yí ọkọ̀ padà, ó kó gbogbo wọn lọ sí èbúté tó ti gbé wọn, ó ní kí wọ́n wá ọkọ̀ mìíràn. Nígbà tó délé, ó bọ́ ẹ̀wù, ó fọ èjìká náà, ó tún un fọ̀. Tinúkẹ́ bu omi kún omi fún un.

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn ni òjò àkọ́kọ́ rọ̀. Àwọn ọlọ́kọ̀ pàdé níwájú ilé Babátúnjí, Muhsinah sì jókòó láàárín wọn lórí garawa tí wọ́n dojú rẹ̀ dé. Wọ́n fẹnu kò pé àwọn kò ní fa igi igbó náà títí omi yóò fi fà. Ẹnì kan ní ṣé kí wọ́n lọ gbé Bíbélì wá ni. Babátúnjí ní rárá.

"Ẹ lọ tún ọkọ̀ yín ṣe," ó wí. "Òjò ń bọ̀."

Wọ́n dìde, wọ́n sì lọ.